Ètò Ìwé Kòkó tí Wọ́n Ní Ó Ń Jẹ Àkọsílẹ̀: Iṣẹ́ Àtúnṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ohun tó wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀: láptọ́ọ̀pù méjì, ọ̀kan ń lo Windows 7, èkejì ń lo Windows 10, síkéèlì ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé, tí wáyà rẹ̀ wọ ojú USB, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń lo bébà 58 mm, àti ètò kan tí wọ́n fi Python (èdè tí a fi ń kọ ètò), Tkinter (tó ń ya ojú ètò) àti SQLite (tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú fáìlì) kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ó kọ orúkọ àgbẹ̀, kí ó gba ìwọ̀n kòkó láti orí síkéèlì, kí ó ṣírò owó.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń jẹ àkọsílẹ̀. Àgbẹ̀ á gbé àpò mẹ́fà wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá padà wá gba owó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò ní sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà. "Wò ó dáadáa, ọmọ mi, àpò mẹ́fà ni mo gbé wá." "Ẹ má bínú, Bàbá, kò gbé orúkọ yín jáde ni." Kòkó ọdún kan nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé iná ọba tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fà á.

Iná lọ́wọ́ sí i, àmọ́ ẹ̀bi tirẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní ó sọnù kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà rárá. Ibi tí wọ́n wà ni ètò kò wò.

Kí ọwọ́ tó kan kóòdù

A ti ètò náà pa, a da gbogbo fódà rẹ̀ kọ sórí fláàṣì méjì. Gbogbo rẹ̀ ni a wí o: koko.db tó jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú koko.db-wal àti koko.db-shm tó ń bá a rìn. Ẹni tó bá mú koko.db nìkan ti fi apá kan ìwé sílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Orí ẹ̀dà ni a ti ṣe gbogbo ìwádìí, a kò fọwọ́ kan ojúlówó títí àtúnṣe fi parí.

Lẹ́yìn náà ni a ṣí cmd, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ sí Windows, a tẹ èyí:

```
dir C:\koko.db /s /b /a
```

Àṣẹ yìí ń wá gbogbo fáìlì tó bá ń jẹ́ koko.db káàkiri díráìfù C. Ẹyọ kan ló yẹ kó jáde. Mẹ́ta ló jáde: ọ̀kan nínú fódà ètò, ọ̀kan lórí Desktop, ọ̀kan nínú Documents. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ, wọ́n sì rò pé ẹyọ kan ni.

Ohun tó fà á kò ju ìlà kan lọ: `sqlite3.connect("koko.db")`. Orúkọ fáìlì lásán ni wọ́n kọ, wọn kò sọ ibi tó wà. Fódà tí ètò bá ti gbéra ni SQLite yóò wò. Bí kò bá rí fáìlì níbẹ̀ kò ní pariwo. Á dá òfìfo sílẹ̀, `CREATE TABLE IF NOT EXISTS` tó tẹ̀lé e á sì ya tábìlì sínú rẹ̀, ohun gbogbo á rí bíi pé kò sí nǹkan. Shortcut tó wà lórí Desktop ní "Start in" tirẹ̀, ìyẹn fódà tí ètò á ti gbéra. Akọ̀wé àárọ̀ ń tẹ shortcut, akọ̀wé ọ̀sán ń wọ inú fódà lọ tẹ ètò fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kọ, èkejì kò lè rí i láéláé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni á ní kí o gbé dátà sí `%LOCALAPPDATA%`. Ó dára fún ètò ẹnìkan, ṣùgbọ́n kò dára níbí: oníkálùkù tó bá wọlé sí Windows pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ ló ní LOCALAPPDATA tirẹ̀, a ó kàn tún pín ìwé náà sí méjì ni. `C:\ProgramData\IweKoko` ni a yàn, nítorí gbogbo ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ló pín in. Àmọ́ fáìlì tí ẹnìkan bá dá síbẹ̀, ẹlòmíràn tí kì í ṣe alábòójútó lè kà á, kò lè kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń fún wọn láyè, pẹ̀lú cmd tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

```
icacls "C:\ProgramData\IweKoko" /grant *S-1-5-32-545:(OI)(CI)M
```

Nọ́ńbà gígùn yẹn ni orúkọ ẹgbẹ́ Users, ó ń ṣiṣẹ́ bó ti wù kí èdè Windows jẹ́. Nínú kóòdù, a ní kí SQLite má dá fáìlì tuntun sílẹ̀ mọ́:

```
con = sqlite3.connect(
    "file:///C:/ProgramData/IweKoko/koko.db?mode=rw", uri=True)
```

Bí fáìlì kò bá sí níbẹ̀, "unable to open database file" ló máa jáde lójú ẹsẹ̀. Kí ètò kọ̀ láti ṣí sàn ju kí ó fún akọ̀wé ní ìwé òfìfo.

Dída ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gba sùúrù. A fi `ATTACH` so èkejì mọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe kí a kàn da tábìlì lu tábìlì, torí àgbẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 17 nínú ìwé kan kì í ṣe nọ́ńbà 17 nínú èkejì. Orúkọ pẹ̀lú ìlú la fi bá wọn tan, a fi àyè sílẹ̀ kí nọ́ńbà tuntun fúnra rẹ̀ jáde. Èyí tí ó bá rú ni lójú, akọ̀wé méjèèjì ló jókòó tì í. A kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méfò lórí owó ẹnikẹ́ni.

Èyí tó sọnù lóòótọ́

Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú ètò: "Àpò mìíràn" àti "Parí". Àwọn méjèèjì ń ṣe `INSERT`, ìyẹn kíkọ ìlà tuntun. "Parí" nìkan ló ń pe `commit()`, àṣẹ tó ń fi ohun tí a kọ pamọ́ pátápátá.

Bí INSERT bá dé, sqlite3 inú Python á ṣí transaction (iṣẹ́ tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀) fúnra rẹ̀, kò sì ní tì í títí a ó fi pe `commit()`. Kó tó di ìgbà yẹn, ètò náà ń rí ohun tó kọ. Àpò márùn-ún ń hàn ní ìlà márùn-ún lójú akọ̀wé. Àmọ́ bí wọ́n bá tẹ X, tàbí bátìrì kú, SQLite á yí gbogbo rẹ̀ padà bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ibí yìí ni ẹ̀bi ti bọ́ sórí iná: iná ń lọ, àpò ń pòórá, àwọn méjèèjì sì ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Àpò kan náà ì bá pòórá lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ kedere bí akọ̀wé bá ti gbàgbé láti tẹ Parí.

```
with con:
    con.execute(
      "INSERT INTO iwon (agbe_id, giramu, kobo, ojo, ami) "
      "VALUES (?,?,?,?,?)", ila)
```

`with con:` á pe commit bí nǹkan bá lọ déédéé, á sì yí i padà bí àṣìṣe bá wà. Kò ní ti connection pa o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí mú. Àwọn àmì `?` náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: ibi tí wọ́n ti ń fi `+` so orúkọ mọ́ SQL, orúkọ tó ní àmì ' nínú ti tó láti da gbogbo gbólóhùn rú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àpò ló ń gba commit tirẹ̀ báyìí.

Bí o bá fẹ́ dán èyí wò, má fi Task Manager pa ètò kí o sì ní o ti dán iná wò. Bí ètò nìkan bá kú, Windows ṣì wà láàyè, á sì kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí dísìkì. Iná tó lọ pa Windows pẹ̀lú. Yọ bátìrì láptọ́ọ̀pù, fi wáyà nìkan lò ó, tẹ "Àpò mìíràn", kí o fa wáyà yọ bí ìlà bá ti hàn. Ṣe é ní ogún ìgbà ó kéré tán, kí o sì tẹ `PRAGMA integrity_check`, tó ń yẹ ìwé wò bóyá ó bàjẹ́, lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó dára ni `ok`.

Fláàṣì ìrọ̀lẹ́

Ní alaalẹ́ ni akọ̀wé ń da koko.db kọ sórí fláàṣì, àṣà tó dára gan-an ni. Àmọ́ wọ́n ti kọ `PRAGMA journal_mode=WAL` sínú ètò. Bí WAL bá wà, ohun tuntun kò kọ́kọ́ wọ koko.db, inú koko.db-wal ló ń lọ, títí yóò fi tó bíi ojú-ewé 1000 tàbí tí a bá ti ètò pa dáadáa, kí SQLite tó kó o wọlé. Ìwé kékeré bíi ti kòkó lè má dé 1000 fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá tó bá jẹ́ pé orun ni wọ́n ń fi láptọ́ọ̀pù sùn dípò kí wọ́n pa á. Fláàṣì wá ń gbé ìwé àná kiri. Àwọn kan tilẹ̀ ń pa fáìlì -wal rẹ́ torí wọ́n rò pé pàǹtí ni. Ìyẹn ni pípa àkọsílẹ̀ gan-an.

WAL wúlò níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìwé tí ẹnìkan sì ń kọ ọ́. Akọ̀wé kan lẹ́ẹ̀kan, síkéèlì kan, kò nílò rẹ̀. A dá a padà sí `journal_mode=DELETE` pẹ̀lú `synchronous=FULL`, fáìlì ẹyọ kan ló kù. A sì fi bọ́tìnnì "Ẹ̀dà" sí i, tó ń lo `con.backup()`, ó ń mú ẹ̀dà tó pé jáde bí ètò tilẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ wà nínú orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ti òní má baà bo ti àná mọ́lẹ̀.

Ọ̀kẹ́ tí kò bá Ọ̀kẹ́ dọ́gba

Èyí ló gbà wá lákòókò jù, òun náà ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò fún Yorùbá mọ̀ sórí. Àgbẹ̀ kan ń jẹ́ Ọ̀kẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú tábìlì, a fi ojú wa rí i. Akọ̀wé tẹ Ọ̀kẹ́, ètò ní kò sí.

Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà ọ jẹ́ U+1ECD. Lẹ́tà ṣ jẹ́ U+1E63. Àmọ́ ẹ́, ìyẹn ẹ pẹ̀lú àmì òkè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ ẹ tí a fi U+0301 lé lórí. Ó lè jẹ́ é, U+00E9, tí a fi U+0323 sí nísàlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tẹ `len("Ọ̀kẹ́")`: á fún ọ ní 5 tàbí 7, ó kù sí ọwọ́ kíbọ́ọ̀dù tó kọ ọ́. Nínú orúkọ tí wọ́n tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù àti èyí tí wọ́n kó wá láti orí fóònù, oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà.

Kò tán síbẹ̀. `LIKE` àti `LOWER()` SQLite mọ lẹ́tà ńlá àti kékeré láàárín A sí Z nìkan. Lójú wọn, Ọ àti ọ kò bára tan.

Ọ̀nà àbáyọ: òpó méjì fún orúkọ kan. Èkínní ni orúkọ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń jẹ́ ẹ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ní NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Èkejì jẹ́ fún wíwá nìkan, akọ̀wé kì í rí i.

```
import unicodedata as u

def fun_ipamo(s):
    return u.normalize("NFC", " ".join(s.split()))

def fun_wiwa(s):
    s = u.normalize("NFD", " ".join(s.casefold().split()))
    return "".join(c for c in s if u.category(c) != "Mn")
```

`split` tó wà níbẹ̀ ń gé àlàfo tó fẹ̀ jù àti èyí tó wà ní ìparí. "Ọ̀kẹ́ " tó ní àlàfo lẹ́yìn náà ti dá wàhálà sílẹ̀. `fun_wiwa` sọ Ọ̀kẹ́, Ọkẹ àti oke di ohun kan náà, nítorí náà akọ̀wé tí kò rí àmì tẹ̀ ṣì lè rí àgbẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé Òkè náà di oke. Ètò kò gbọdọ̀ yan ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀: gbogbo orúkọ tó bá bá a mu ló gbọ́dọ̀ jáde, pẹ̀lú ìlú àti nọ́ńbà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi `fun_wiwa` pa àmì orúkọ rẹ́ nínú òpó àkọ́kọ́ ń bà á jẹ́. Rìsíìtì àgbẹ̀ yẹ kó gbé orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti Èkìtì gan-an. Ẹnìkan ti kọ àyẹ̀wò tí kì í gba ọ̀rọ̀ tó bá fi "u" bẹ̀rẹ̀ wọlé, torí Yorùbá ilé-ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Èkìtì, ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́, orúkọ oko sì ń tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Akọ̀wé wá ń fi irọ́ dí àyè náà kí ètò lè gbà. A yọ àyẹ̀wò náà kúrò pátápátá.

Fún gbogbo fáìlì tí ètò ń kọ síta, `encoding="utf-8"`. Láìsí i, Windows àwọn láptọ́ọ̀pù yìí ń lo cp1252, àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, "'charmap' codec can't encode character" ló sì máa ń jáde. CSV tí wọ́n máa fi Excel ṣí ni kí o lo `utf-8-sig` fún, kó má baà gbé ẹ jáde bíi wóróbo.

Ọdún tó padà sẹ́yìn

Láptọ́ọ̀pù Windows 7 ti gbó, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú àkókò lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú. Bí iná bá lọ tí bátìrì ńlá náà sì tán, ọjọ́ á padà sí ọdún àtijọ́. Àpò tí wọ́n bá wọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé pẹ̀lú ọdún àtijọ́ yẹn, ìròyìn oṣù kò sì lè kó o mọ́ra. Bátìrì CR2032 ni, 3 volts. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wáyà kékeré àti pọ́lọ́ọ̀gì ló wà lára rẹ̀, nítorí náà ra èyí tó ní wáyà, má jó wáyà mọ́ ẹ̀yìn bátìrì lásán.

Nínú ètò, bí ó bá ṣí, ó ń fi ọjọ́ òní wé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì. Bí òní bá ṣáájú rẹ̀, ètò kò ní wọ̀n àpò kankan títí wọ́n ó fi tún ọjọ́ ṣe. Ó tún ń béèrè bí òní bá fi ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ síwájú, torí ọjọ́ iwájú kan tó ṣèèṣì wọlé á ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e.

Àtúnṣe àwọn ìlà tó ti bàjẹ́ rọrùn ju bí a ṣe rò lọ, torí `id` kì í wo aago. Ìlà 412 tó ní ọdún àtijọ́, tó wà láàárín 411 àti 413 tí wọ́n jẹ́ ọjọ́ kan náà, ọjọ́ yẹn náà ni tirẹ̀. Ọjọ́ ni a ń tọ́jú bíi 2024-11-14, ọdún síwájú, kí títò rẹ̀ lè tọ́. 14/11/2024 wà fún ojú akọ̀wé nìkan.

Nígbà tó bá háńgì

Síkéèlì ni. Inú iṣẹ́ bọ́tìnnì gan-an ni wọ́n ti ń ka ìwọ̀n, láìsí `timeout`. Bí wáyà bá ṣí díẹ̀, `readline()` á dúró títí láé. Tkinter ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ya ojú ètò tó sì ń gbọ́ bọ́tìnnì. Bí ìyẹn bá jókòó ti síkéèlì, ojú ètò kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún Windows á kọ "Not Responding", akọ̀wé á sì fi Task Manager pa á.

Bí ó bá háńgì fún ìgbà díẹ̀ péré, ibi mìíràn ló ń bí. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnnì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Títẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sọnù, wọ́n tò sórí ìlà. Bí ètò bá jí, àpò kan á di mẹ́ta. Pípa bọ́tìnnì ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí a sì ṣí i ní ìparí rẹ̀ kò ràn án, torí ìgbà tó bá ti ṣí ni títẹ̀ tó ń dúró máa wọlé.

A gbé síkéèlì lọ sí thread tirẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ mìíràn, pẹ̀lú `timeout=1` kó má baà dúró títí láé. Thread yẹn kì í fọwọ́ kan ojú ètò. Ó ń ju ìwọ̀n sínú `queue.Queue`, ojú ètò sì ń wá gbé e:

```
def gbe_iwon():
    try:
        while True:
            iwon_oju.set(apere.get_nowait())
    except queue.Empty:
        pass
    root.after(100, gbe_iwon)
```

Síkéèlì yìí ń kọ ST síwájú ìwọ̀n tó ti dúró, US síwájú èyí tó ṣì ń mì. ST nìkan ni ètò ń gbà báyìí. Fún àpò onílọ̀ọ́po, a dá àmì kan tí kò jọ èkejì sílẹ̀ pẹ̀lú `uuid4` nígbà tí fọ́ọ̀mù àpò bá ṣí, òpó `ami` sì jẹ́ UNIQUE, kì í gba àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì; kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, ẹyọ kan ló ń wọlé. COM3, orúkọ tí Windows fún ojú tí síkéèlì wọ̀, pẹ̀lú ń di COM5 bí wọ́n bá yí ojú USB padà. Wáyà yìí ń lo ṣíípù CH340, nítorí náà nọ́ńbà olùṣe rẹ̀ (VID 1A86) àti nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀ (PID 7523) la fi ń wá a nínú `serial.tools.list_ports`, kì í ṣe nọ́ńbà COM.

Gíráàmù mẹ́wàá

`int(19.99*100)` ń fúnni ní 1998 nínú Python, kì í ṣe 1999, torí 19.99 kò ṣeé kọ pé pérépéré ní ìṣirò oní-méjì (binary) tí kọ̀ǹpútà ń lò, `int` sì ń gé e sísàlẹ̀. Bí 19.99 bá jẹ́ kílò, gíráàmù mẹ́wàá bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí i. Èyí kò ní àwáwí kankan. Ọ̀rọ̀ tó wá láti síkéèlì ni a ń fún `Decimal("19.99")` tààrà, a ń tọ́jú gíráàmù àti kọ́bọ̀ ní odidi, a sì ń fi ojúami sí i ní orí ojú ètò nìkan.

Dídì í fún wọn

Python 3.8 ni a fi dì í, torí òun ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, pẹ̀lú 3.9, "api-ms-win-core-path-l1-1-0.dll is missing" ló ń jáde. PyInstaller, tó ń sọ ètò Python di èyí tí a lè kàn tẹ̀ ṣí, ni a lò, pẹ̀lú `--onedir`. `--onefile` ń tú ara rẹ̀ sínú fódà ìgbà díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí, ó ń lọ́ra, antivirus sì máa ń fura sí i.

Ohun tó kù ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lẹ́tà 32 ló ń gbà lórí ìlà kan, kò sì mọ ẹ̀ tàbí ₦, `?` ló ń tẹ̀ dípò wọn. A ń ya rìsíìtì bí àwòrán tó fẹ̀ tó 384 dọ́ọ̀tì, ó ń jáde pẹ̀lú àmì, ṣùgbọ́n àmì òkè tó wà lórí Ọ̀ ṣì ń yẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Ìlà orúkọ àgbẹ̀ la kọ́kọ́ fẹ́ tún ṣe.